Ìlú Tí Kò Ní Oríkì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé wa máa ń sọ, tí n kò lè gbọ́ kí n dákẹ́. Wọ́n ní ewì Yorùbá yẹ ààfin, ó yẹ igbó ọdẹ, ó yẹ ìdí Ifá, ṣùgbọ́n kò ní àyè nínú ìtàn àròsọ oní-sáyẹ́ǹsì, níbi tí ènìyàn ti ń fò kọjá òṣùpá tí ẹ̀rọ sì ń ronú. Irọ́ ni.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń gbé ní Festac Town gbé ìtàn tí ó kọ wá fún mi kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlú kan tí ó léfòó sórí ọ̀sà ni ó dá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí iná ibẹ̀ ṣe ń tàn, bí wọ́n ṣe ń sọ omi iyọ̀ di omi mímu, àní bí wọ́n ṣe ń dìbò. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí olórí ìlú náà kú, akéwì wọn dìde, ó ń ka ìlà mẹ́rin-mẹ́rin tí ìparí wọn dún bákan náà, bí orin inú ìwé ìsìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í pé, "Ta ni ó kọ́ wọn ní èyí?" Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ará ọjọ́ iwájú ni wọ́n. Wọn kò lè máa sun rárà mọ́."

Àṣìṣe náà gan-an nìyẹn. Ewì kì í ṣe ọ̀dà tí a ń fi kun ìlú lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ọ tán. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe, òkú tí wọ́n ń sin àti ilé tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ni ó ń bí i. Ọdẹ ń sun ìjálá nítorí pé ọmọ Ògún ni. Ìyàwó ń sun ẹkún nítorí pé ó ń kúrò nílé bàbá rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ wá ìdí, ewì yóò tẹ̀lé e. Ǹjẹ́ ìdí yóò wọ́n wa lọ́jọ́ iwájú bí? Ògún ni ó ni irin; awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ ṣì ń bọ ọ́. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ irin kọjá òṣùpá, ta ni yóò ké sí? Ọmọbìnrin tí yóò fi ayé yìí sílẹ̀ lọ sí ayé mìíràn láìní padà, ẹkún wo ni ó yẹ ẹ́ ju ẹkún ìyàwó lọ? Ọ̀fọ̀ pàápàá, tí àṣìpè ọ̀rọ̀ kan lè bà jẹ́, jọ àṣẹ tí à ń pa fún kọ̀ǹpútà.

N kò ní kí wọ́n da ìjálá ọdẹ kọ. Nígbà tí Láńrewájú Adépọ̀jù gbé ewì lọ sórí rédíò àti sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ewì yí padà, ṣùgbọ́n kò sọ ohùn rẹ̀ nù. Àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà àti ìlò ohùn ni òpó ewì wa, kì í ṣe ìparí ìlà tí ó dún bákan náà.

Fágúnwà ti ṣe é ṣáájú wa. Nínú *Igbó Olódùmarè*, tí ó jáde ní 1949, iwin ni Èṣù-kékeré-òde, síbẹ̀ nígbà tí òun àti Olówó-ayé pàdé, ẹnu Yorùbá ni ó fi ń fọ́nnu. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe fíìmù *Black Panther* ní 2018 mọ èyí: èdè Xhosa láti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n fi sí ẹnu àwọn ará Wakanda, ìlù tama láti Sẹ̀nẹ̀gà, ìbátan gángan wa, sì ń dún nínú orin rẹ̀. Ohun tí àlejò wá yá lọ́wọ́ Áfíríkà ni ọmọ onílé ń jù nù.

Festac Town tí à ń gbé yìí fúnra rẹ̀ jọ ìlú inú ìtàn àròsọ. Ìjọba ni ó kọ́ ọ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, tí ó wáyé láti 15 Oṣù Kìíní títí di 12 Oṣù Kejì, 1977. Nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ òpópónà rẹ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí a kọ́ ọ sí kì í ṣe ilẹ̀ nọ́ńbà. Ilẹ̀ Àwórì ni, àwọn tí ìtàn sọ pé bàbá ńlá wọn tẹ̀lé àwo tí ó léfòó lórí omi títí àwo náà fi rì, tí wọ́n sì fi ìyẹn jẹ́ orúkọ. Lónìí, ọmọ wà ládùúgbò wa tí ó mọ nọ́ńbà òpópónà wọn, ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ bóyá Àjàní ni òun tàbí Àlàbí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi oríkì kí i rí bí ó bá jí.

Ọmọ yẹn ni yóò kọ ìtàn ọjọ́ iwájú wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ kì í kí ó tó dàgbà. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ sí ìlú tí ẹ ń dá sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.