Ẹni Tí Mẹ́dọ̀wú C Tún Mú

Àrùn mẹ́dọ̀wú, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ni àrùn tí ń mú ẹ̀dọ̀ wú, oríṣi rẹ̀ tí a fi lẹ́tà C dá mọ̀ sì ni èyí tí kòkòrò àìfojúrí kan ń fà, kòkòrò tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé, tí ó sì lè ba sínú ẹ̀dọ̀ fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀dọ̀ náà tó le gbagidi tàbí kí jẹjẹrẹ tó dé sí i. Ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ dá kòkòrò yìí mọ̀, iṣẹ́ náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún Harvey Alter, Michael Houghton àti Charles Rice ní 2020. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́rẹ́ interferon ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí aláìsàn yóò máa gbà fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí ara rẹ̀ yóò máa gbóná, tí ọkàn rẹ̀ yóò máa rẹ̀wẹ̀sì, síbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fara dà á kò rí ìwòsàn. Láti ìparí 2013 ni oògùn oníhóró tí ń kojú kòkòrò náà tààrà ti gba ipò abẹ́rẹ́ yẹn: ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni aláìsàn ń lò ó, nínú 100 ènìyàn tó lò ó pé, ó ju 95 lọ tí ń sàn, àwọn tó ní HIV kò sì gbẹ́yìn nínú èyí. Ohun tí a ń pè ní sísàn níhìn-ín ni pé, ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn tí aláìsàn gbé hóró tó kẹ́yìn mì, wọ́n wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí, wọn kò sì rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni pé oògùn tó lé kòkòrò náà jáde kò fi ẹ̀ṣọ́ kankan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí èéyi bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, èéyi kì í sábà tún mú un mọ́, nítorí ara ti mọ ojú ọ̀tá yẹn, kò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n kòkòrò mẹ́dọ̀wú C ń pàwọ̀ dà bí agẹmọ, ẹ̀yà rẹ̀ sì pọ̀, tó fi jẹ́ pé èròjà agbóguntàrùn tí ara ṣe sí ti àná kò lè dá ti òní dúró. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan kò tíì sí fún un. Nítorí náà, ẹni tó sàn pátápátá lè tún kó àrùn yìí lọ́tun. Ó sì yẹ kí a ya ìkóràn lọ́tun yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àrùn tó sọjí nítorí pé oògùn kò ká a: nínú èyí tó sọjí, kòkòrò àtijọ́ náà ni wọ́n ń rí, nígbà tó jẹ́ pé nínú ìkóràn lọ́tun, ìdánwò tí ń ka àbùdá kòkòrò a máa fi hàn pé àlejò mìíràn ló wọlé, láti ara ẹlòmíràn.

Ara àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú HIV, tí wọ́n sì ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lò pọ̀ ní àwọn ìlú ńlá Yúróòpù, ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Títí di nǹkan bí 2000, èrò ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni pé abẹ́rẹ́ oògùn olóró àti ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò kí a tó fà á síni lára ni ọ̀nà tí mẹ́dọ̀wú C ń gbà ràn, pé ìbálòpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tàn án kálẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rí i lára àwọn ọkùnrin tí kò fi abẹ́rẹ́ oògùn olóró kan ara wọn rí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 tẹ̀lé ọkùnrin 56 ní Amsterdam tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, 11 nínú wọn sì tún kó o. Ìṣirò àwọn olùwádìí ọ̀hún ni pé láàárín ọdún méjì, ẹnìkan nínú mẹ́ta irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni yóò tún ní in. Èyí tó gbòòrò jù ú lọ jáde ní 2017, láti ilé ìtọ́jú mẹ́jọ ní Austria, Faransé, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: nínú ọkùnrin 606 tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà láàárín 2002 sí 2014, 149 ló tún kó o, èyí tó túmọ̀ sí pé bí a bá tẹ̀lé 100 wọn fún ọdún kan, bíi 7 ni àrùn náà yóò tún mú.

Bí ó ṣe ń ràn kì í ṣe àdììtú. Kí òǹkàwé wo owó bébà kan tí wọ́n ká róbótó kí wọ́n lè fi fa oògùn olóró onílẹ́búlẹ́bú sí imú: awọ inú imú fẹ́lẹ́, lẹ́búlẹ́bú náà ń hó o, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí sì ń lẹ̀ mọ́ etí owó náà kí wọ́n tó nà án sí ẹni tó kàn. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú C lè wà láàyè lórí nǹkan gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú ike abẹ́rẹ́ ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà ni ìbálòpọ̀ tó bá bó awọ inú ihò ìdí, bó ti wù kí ó kéré tó, ṣe ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ohun èlò tàbí ìbọ̀wọ́ tó kúrò lára ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn láìfọ̀ ń gbé e kiri. Àpèjọ tí wọ́n ti ń fi methamphetamine àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ kín ìbálòpọ̀ lẹ́yìn, tó lè gba òru méjì tàbí mẹ́ta, ni gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí sì ti pàdé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Oògùn HIV tí kì í jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó dáadáa kó HIV ran ẹlòmíràn mọ́ jẹ́ ìbùkún ńlá, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ti pa rọ́bà ìdáàbòbò tì nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn yẹn kò mọ mẹ́dọ̀wú C rí. Òótọ́ kan tún wà tí kò yẹ kí ó bọ́ sọnù: àwọn tó ní HIV ń lọ fún àyẹ̀wò léraléra ju àwọn yòókù lọ, ojú sì máa ń rí ohun tó bá ń wò.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó tún kó àrùn yìí ló burú jù. Nígbà tí sofosbuvir, ọ̀kan nínú àwọn oògùn oníhóró tuntun wọ̀nyí, kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, hóró kan jẹ́ 1,000 dọ́là, ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ 12 sì jẹ́ 84,000 dọ́là, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni àwọn yóò sanwó rẹ̀ fún aláìní. Lónìí, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ra irú rẹ̀ tí kò lórúkọ ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ lára, ìtọ́jú odidi kan lè má tó 100 dọ́là, síbẹ̀ èrò pé ẹni tó tún kó o ti fi oògùn ṣòfò kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn kan. Èrò náà kò tọ́. Kò sí ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Yorùbá tí ń bi ẹni tí ibà tún mú léèrè pé ṣebí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á fún un lóògùn, wọ́n á sì bi í bóyá àwọ̀n wà lórí ibùsùn rẹ̀. Oògùn mẹ́dọ̀wú C ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó tún kó o bí ó ti ṣiṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ọkùnrin tí wọ́n bá sì dá padà kò ní dá wà pẹ̀lú àrùn rẹ̀, nítorí yóò máa gbé e kiri láàárín àwọn tó ń bá kẹ́gbẹ́.

Orílẹ̀-èdè Netherlands fi èyí hàn. Ní oṣù kọkànlá 2015 ni wọ́n ṣí oògùn tuntun náà sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ní àrùn yìí, láìka bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ tó. Láàárín 2014 sí 2016, iye ìkóràn tuntun láàárín irú àwọn ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí já wálẹ̀ láti bíi 11 nínú 1,000 lọ́dún sí bíi 5 àbọ̀, nítorí pé ẹni tó sàn kò ní ohun tí yóò kó ran ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iye náà kò di òfo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ètò NoMoreC sílẹ̀ ní Amsterdam ní 2018, ètò tí àwọn ọkùnrin náà fúnra wọn lọ́wọ́ nínú rẹ̀: nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ àyẹ̀wò yóò gún ìka rẹ̀ nílé, yóò kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí kékeré, yóò sì fi ránṣẹ́ nínú àpò ìwé, láìjókòó síwájú ẹnikẹ́ni.

Irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ṣe pàtàkì gidigidi. Èyí tó wọ́pọ̀, tí ń fi ìlà hàn lórí ike, èròjà agbóguntàrùn ló ń wá, èròjà yẹn kì í sì í sábà tán lára ẹni tó ti ní àrùn náà rí: egbò lè jiná, àpá rẹ̀ kò ní ṣàìhàn. Ẹni tó sàn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn àti ẹni tó tún kó o lóṣù tó kọjá, ìlà kan náà ni ike yóò fi hàn wọ́n. Àyẹ̀wò tí ń wá RNA, èyíinì ni àbùdá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ló lè sọ ẹni tó wà nínú ewu báyìí, ìlànà àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀ ní Yúróòpù sì ni pé kí ọkùnrin tó bá ṣì wà ní ojú ọ̀nà àrùn náà ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tàbí ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán. Kí wọ́n sọ èyí fún un ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé ó ti sàn, kí ó má lọ máa fọwọ́ sọ̀yà lásán.

Ìbẹ̀rù ojú tí wọn yóò fi wò wọ́n, tí ń lé àwọn ọkùnrin sá fún àyẹ̀wò ní Yúróòpù, ń lé wọn sá ní Nàìjíríà bákan náà. Lẹ́yìn òfin oṣù kìíní 2014 tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ti ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin ní Nàìjíríà, ìwádìí kan láàárín irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní Abuja rí i pé àwọn tó ń bẹ̀rù láti lọ sí ilé ìwòsàn pọ̀ sí i. Ohun yòówù tí ènìyàn lè rò nípa òfin náà, kòkòrò tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá kì í ṣọ́ ẹni tí òfin ń wá. Abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn méjì láìsè é lè gbé e.

Nínú ìwádìí 2017 yẹn, ọkùnrin 70 nínú àwọn tó tún kó àrùn náà ló tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 30 nínú wọn kó o lọ́tun lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn èyí, àwọn 5 kó o lọ́tun lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnìkan ṣoṣo sì kó o lọ́tun lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó rọrùn láti ka ẹni tó kẹ́yìn yìí sí aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí iye yẹn lè wọ inú ìwé ni pé ọkùnrin náà ń padà wá, ó ń na apá sílẹ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń ṣílẹ̀kùn fún un ní gbogbo ìgbà tó bá dé.