Kọ̀ǹpútà fún hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wa: ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ ò ní í ṣe

Ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú tàbí Ìfọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kẹ́ ẹ wo ọwọ́ àwọn ìyá. Inú lailọ́ọ̀nù ni káàdì máa ń wà, ẹlòmíì á ti ká a sí méjì sínú báàgì. Tí káàdì yẹn bá sọnù, ìtàn ara ọmọ náà sọnù nìyẹn. Nọ́ọ̀sì á béèrè pé abẹ́rẹ́ wo lọmọ ti gbà. Ìyá á ní, "Áńtí nọ́ọ̀sì, wọ́n ti gún un lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ ẹ̀." Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, tí Gómìnà Ademola Adeleke fi kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn èèyàn sá kúrò nílé wọn. Ẹni tó ń sá fún ẹ̀mí ẹ̀, ṣé káàdì ọsibítù ló máa ráyè wá? Èyí tó bá jóná mọ́lé, níbo lẹ fẹ́ ti rí ẹ̀dà ẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé kí àkọsílẹ̀ aláìsàn wà lórí kọ̀ǹpútà fi dùn létí. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Nigeria Digital in Health Initiative, pé kí àkọsílẹ̀ ìlera bọ́ sórí ẹ̀rọ, kí ọsibítù kan lè rí ohun tí òmíì ti kọ. Ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun náà wà lóṣù kẹjọ ọdún 2026, a sì mọ bó ṣe máa ń rí tí ìdìbò bá ń bọ̀. Kò sí ìlérí tó wúwo jù fún ẹnu.

Èmi ò lòdì sí kọ̀ǹpútà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé irú iṣẹ́ yìí ti dojú ti àwọn tó lówó jù wá lọ, ó sì ti yọrí níbì kan tí kò jìnnà sí wa rárá. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ ló fa ìyàtọ̀. Ohun tó fà á ni ohun tí oníkálukú gbà láti fi sílẹ̀ ná.

Ààrò mẹ́ta

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Irú iṣẹ́ báyìí náà, orí ààrò mẹ́ta ló ń jókòó lé. Àkọ́kọ́ ni bí iṣẹ́ náà ṣe fẹ̀ tó: hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mélòó, kí sì ni kọ̀ǹpútà fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Ìkejì ni àkókò: ìgbà wo la fẹ́ kó parí? Ìkẹta ni owó. Tẹ́ ẹ bá fa ọ̀kan síwájú, ẹ gbọ́dọ̀ tún èyí tó kù tò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìkòkò á ṣẹ́gbẹ̀ẹ́.

Olóṣèlú ló sábà máa ń fa ààrò. Á ní gbogbo wọ́ọ̀dù 332 tó wà ní Ọ̀ṣun lòun fẹ́ ṣe é fún. Á ní kóun tó lo ọdún méjì ló máa parí. Owó tó wà nílẹ̀ ò sì tìtorí ìyẹn pọ̀ sí i. Nígbà náà, nǹkan kan gbọ́dọ̀ fò, ohun tó sì máa ń fò ni èyí tí kámẹ́rà ò lè yà lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀: kíkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì níṣẹ́ náà, sólà tó máa gbé e, owó dátà oṣooṣù, ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà á wà lórí tábìlì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, aṣọ á ti bò ó.

Ẹ wo Gánà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wa, torí tiwọn ò tíì pẹ́. Lọ́dún 2019, ìjọba Gánà gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lightwave, pé kó so ọsibítù àti ilé ìwòsàn 950 pọ̀ sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là ni owó iṣẹ́ náà. Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, mínísítà ètò ìlera wọn, Kwabena Mintah Akandoh, jáde sọ ibi tí nǹkan dé. Ó ní àdéhùn náà ti parí láti ìparí ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún un síwájú. Ó ní 450 péré ni wọ́n so pọ̀ nínú 950, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti san 77 mílíọ̀nù dọ́là.

Ọ̀rọ̀ mínísítà lèyí o, kò yẹ ká dá ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò ohun tó sọ. Owó tó jáde ti lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ilé ìwòsàn tó wọ inú ẹ̀ ò tó ìlàjì. Àkókò ti tán pátápátá. Ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìjọba wọn sì ti ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀rọ míì tó jẹ́ tiwọn rọ́pò ẹ̀.

Ìlú Ọba náà kan

Ẹnì kan lè sọ pé ìwà àwa aláwọ̀ dúdú nìyẹn. Irọ́ ni. Lọ́dún 2002, nígbà tí Tony Blair ń ṣe olórí ìjọba, England bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, pé kí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn, èèyàn tó lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù, wà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n sáré fọwọ́ sí àdéhùn tó tó bílíọ̀nù mẹ́fà pọ́n-ùn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn dókítà tó fẹ́ lò ó tó sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Lọ́dún 2006, Accenture, ọ̀kan lára àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá, gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́dún 2008, àárín Fujitsu àti ìjọba dàrú. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ tú u ká. Lọ́dún 2013, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò sọ pé owó náà ti ń sún mọ́ bílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn, ó sì ṣì ń gùn sí i.

Àmọ́ ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn èèyàn kì í sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́. Apá tó ń mú kí dókítà rí àwòrán X-ray lójú kọ̀ǹpútà dípò kó máa wá fíìmù kiri, ìyẹn yọrí. Nígbà tí ọdún 2007 fi máa parí, ó ti dé gbogbo àgbègbè England. Kí ló dé? Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó ṣe. Dókítà mọ ohun tó ń ṣe fóun. Èyí tó ní òun fẹ́ ṣe gbogbo nǹkan fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà ló wó.

Ilé-Ifẹ̀ ti ṣe é rí

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí, ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1989, kí ọ̀pọ̀ wa tó fojú kan kọ̀ǹpútà. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọsibítù olùkọ́ni tiwọn, àti Yunifásítì Kuopio lórílẹ̀-èdè Finland ló jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Wọn ò ra ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ohun tí wọ́n mú tún ṣe ni ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún ọsibítù àwọn ajagunfẹ̀yìntì wọn, èyí tẹ́nikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni wọ́n ní kó ṣe? Kó forúkọ aláìsàn sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù àti ọjọ́ tó lọlé, kó kọ àìsàn tó gbé e wá. Ó tán. Lọ́dún 1991, ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò kan ilé oògùn, kò kan owó sísan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà ní yunifásítì nínú ìlú kan náà. Tó bá ṣíwọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ bàálù wá tún un ṣe. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n wá tún un kọ́ di èyí tí wọ́n ń pè ní MINPHIS, tó sì dé àwọn ọsibítù olùkọ́ni míì ní Nàìjíríà.

Ọmọ Ẹ̀rìn ò ṣàjèjì sí irú ọgbọ́n yìí. Ìlú onílù ni wá. Ọmọ Àyàn tó ń kọ́ṣẹ́, ìlù kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kì í gbé ìyáàlù kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́rùn níta gbangba.

Náírà kì í dúró de ẹnikẹ́ni

Ohun kan wà tó tún mú kọ́rọ̀ tiwa le ju ti England lọ. Dọ́là la fi ń ra kọ̀ǹpútà, bátìrì àti sólà, náírà la sì fi ń kọ ètò ìnáwó. Kó tó di àárín oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan lójú ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ìjọba tó ya ₦47 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ọjà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là ló lè rà. Tí fáìlì bá jókòó lórí tábìlì ẹnì kan fún oṣù mẹ́jọ péré, ọjà nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n dọ́là ni owó kan náà máa rà. Ẹnikẹ́ni ò jí kọ́bọ̀ níbẹ̀ o, ìdádúró ló jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tó máa tán lóṣù mẹ́fà ló lè sá àsálà. Èyí tó máa gba ọdún mẹ́rin, ọwọ́ náírà ló wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ kan. Ká ní ₦120 mílíọ̀nù ló wà. Ká ní mílíọ̀nù kan á ra kọ̀ǹpútà fún hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan. Owó yẹn á ká 120. Ṣùgbọ́n tá a bá fi sólà, ẹ̀kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, dátà àti àtúnṣe ọdún mẹ́ta kún un, tó wá di mílíọ̀nù mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 30 ló máa ká. Olóṣèlú á mú 120, torí 120 ló dùn-ún sọ lórí rédíò. Àmọ́ 30 tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dún kẹta sàn ju 120 tí eruku ti bò.

Ohun tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, màá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan méjì péré: abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé àti àkọsílẹ̀ àwọn aboyún. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, tí Ìlobùú jẹ́ olú-ìlú ẹ̀, àti Orolu, tó jẹ́ ti Ìfọ́n, ni kí wọ́n fi ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Tọ́rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, tí ìyá kan láti Ìfọ́n bá bára ẹ̀ ní ọsibítù Òṣogbo, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á rí i pé abẹ́rẹ́ kejì lọmọ ẹ̀ ti gbà. Ẹ fi ilé oògùn, owó sísan àti X-ray sílẹ̀ ná. Tí méjì yìí bá ti ń lọ geere fún ọdún kan, kí wọ́n fi ìkẹta kún un.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tá ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nítorí owó, ìyẹn ìpamọ́. Orúkọ, ìlú àti àdúgbò èèyàn máa wà nínú ìwé yẹn. Àwa tá a mọ ohun tójú wa rí lọ́dún 2025, a mọ ohun tírú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dì lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ọmọ ìlú kan. Òfin tó dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2023. Kí wọ́n sọ fún wa ẹni tó lè ṣí i wò, àti ẹni tí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Torí náà, tí wọ́n bá wá sí gbàgede wa pẹ̀lú ìlérí kọ̀ǹpútà, ẹ má kàn pàtẹ́wọ́. Ẹ bi wọ́n: hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà mélòó lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kí sì lẹ ò ní í ṣe ní ọdún àkọ́kọ́? Ta ló máa san owó dátà ní ọdún kẹta? Tó bá bàjẹ́ ní Ẹ̀rìn lọ́jọ́ Ajé, ta ló máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Iye tẹ́ ẹ ti san àti iye tó ti ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ máa lẹ̀ ẹ́ síbi tá a ti lè kà á? Ẹni tí ò bá lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, kò tíì ronú sí i.

Kí n tó gbàgbé, kí wọ́n má tìtorí kọ̀ǹpútà gba káàdì lọ́wọ́ àwọn ìyá o. Kí méjèèjì jọ máa lọ títí tọ́kàn wa á fi balẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná ò bá sí, tí bátìrì kú, lailọ́ọ̀nù ìyá yẹn la máa padà sí.