Kí ló dé tí Karaba fi burú? Káàtúùnù tí mo yàn fún àwọn ọmọ wa

Ẹ bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá léèrè káàtúùnù tí wọ́n fẹ́ràn jù, ẹ ó gbọ́ The Lion King, ẹ ó gbọ́ Frozen, ẹ ó gbọ́ Moana. Ẹlòmíì á ní Shrek, ẹ̀rín á sì bẹ́. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ti fíìmù tí bàbá, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà lè jọ jókòó wò, tí ọmọ á sì gbé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ dàgbà, tèmi yàtọ̀. Kirikou et la Sorcière ni mo yàn. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, torí ọ̀rọ̀ náà ju eré ọmọdé lọ.

Ọdún 1998 ni fíìmù náà jáde. Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Conakry, lórílẹ̀-èdè Guinea, ló ṣe é. Àlọ́ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló gbé e kà. Youssou N'Dour ará Senegal ló ṣe orin inú rẹ̀. Lọ́dún 1999, ó gba ẹ̀bùn tó ga jù fún fíìmù gígùn níbi àjọ̀dún káàtúùnù tí wọ́n ń ṣe ní Annecy, ní Faransé. Àwa tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì wo fíìmù nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìtàn náà rèé. Ọmọ kan sọ̀rọ̀ látinú ikùn ìyá rẹ̀, ó bí ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìwọ́. Kò ga dé orúnkún àgbà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ọpọlọ rẹ̀ pé. Wọ́n sọ fún un pé Karaba àjẹ́ ti pa àwọn ọkùnrin abúlé jẹ, pé òun ló gbẹ ìsun omi wọn, pé òun ló ń gba góòlù ọrùn àwọn obìnrin. Gbogbo abúlé ń gbọ̀n. Kirikou nìkan ló béèrè ohun tí ẹnì kankan ò béèrè: kí ló dé tí Karaba fi burú?

Torí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe yàn án.

Ẹ wo àwọn yòókù. Nínú Snow White ti ọdún 1937, ìyá àgbà tó gbé ápù olóró wá já láti orí òkè, ó kú, ó parí. Nínú The Little Mermaid ti ọdún 1989, wọ́n fi imú ọkọ̀ ojú omi gún Ursula pa. Ọmọ á pàtẹ́wọ́, wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n. Àwọn fíìmù Yorùbá tiwa ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyá arúgbó onírun funfun ni àjẹ́. Òun ni yóò máa ká bòròbòrò níparí, tàbí kí àrá sán pa á. Ta ló béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọmọ Ìlúà ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, nílẹ̀ Òkè-Ògùn. Lọ́dọ̀ wa, omi tó gbẹ kì í ṣe àlọ́. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí koríko ọ̀dàn pọ́n, kẹ́ẹ̀gì á bẹ̀rẹ̀ sí í tò sídìí kànga. Ọmọ Òkè-Ògùn tó bá wo Kirikou á dá ilẹ̀ pupa yẹn mọ̀, á dá ilé alámọ̀ mọ̀. Á sì dá nǹkan mìíràn mọ̀ pẹ̀lú: ìyá àgbà kan tó ń dá gbé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú, tàbí tí wọ́n wà l'Ékòó tí wọn ò wálé mọ́. Tí ọmọ ẹlòmíì bá ṣàìsàn, tí ọ̀kadà ẹnì kan bá ṣubú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú máa ń lọ. Àwọn ọmọdé á máa sá fún un lójú ọ̀nà. Ta ló kọ́ wọn?

Àwọn àgbà máa ń pòwe pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: kò sí ẹlẹ́rìí kankan nínú rẹ̀. Ibà ń pa ọmọ. Omi ìdọ̀tí ń pa ọmọ. Àìtètè dé ọsibítù ń pa ọmọ. Ìyá àgbà tó wà nítòsí la máa ń dì mú, torí òun ni kò lẹ́ni tó máa gbèjà rẹ̀.

Òfin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí léwu. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíì ti dáràn, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé inú agboolé, fíìmù ti débẹ̀. Ó ti wà lórí fóònù ọmọ ọdún márùn-ún.

Kí ni Kirikou wá rí? Ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ àgbà lórí òkè, bàbá náà sì sọ òótọ́ fún un. Karaba ò jẹ ènìyàn kankan. Ó sọ àwọn ọkùnrin di ère tó ń jíṣẹ́ fún un ni. Ẹranko kan tó wọnú ihò ìsun tó sì ń mu ún ló gbẹ omi. Ìwà ibi Karaba ńkọ́? Àwọn ọkùnrin kan ló dì í mú, wọ́n gún ẹ̀gún olóró mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀gún yẹn ń ro ó tọ̀sán-tòru, òun náà ló sì fún un lágbára. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bàbá àgbà sọ ìdí, ọmọdé fi eyín yọ ẹ̀gún náà.

Síbẹ̀, nígbà tí Karaba wọ abúlé, ẹ̀san ni àwọn ará abúlé fẹ́ gbà. Àfìgbà tí wọ́n gbúròó ìlù, tí àwọn ọkọ àti ọmọ tí wọ́n rò pé ó ti jẹ padà wálé lẹ́sẹ̀ ara wọn.

Ẹlòmíì á ní, "Àmọ́ àjẹ́ wà o!" Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn níbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnu wa kì í pẹ́ dárúkọ ẹni. Fíìmù náà ò sì sọ pé Karaba ò ṣebi. Ó ṣe é. Béèrè ìdí kì í ṣe ìdáríjì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè ò ní mọ ibi tí ẹ̀gún wà. Ẹlòmíì á ní àwọn obìnrin inú rẹ̀ ò bo àyà. Àwọn olówò fíìmù ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó náà ṣàròyé bẹ́ẹ̀, Ocelot sì kọ̀, kò fi aṣọ bò wọ́n. Ẹ bi àwọn ìyá ìyá wa bí wọ́n ṣe ń múra lọ odò nígbà èwe wọn. Kò sí ìsọkúsọ kankan níbẹ̀.

Inú mi dùn pé àwa náà ti ń ṣe tiwa. Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde lọ́dún 2020, Iwájú dé lọ́dún 2024, Iyanu tẹ̀lé e lọ́dún 2025. Ọwọ́ ti wà, ọgbọ́n ti wà. Ohun tí mò ń bẹ̀ wọ́n ni pé, tí wọ́n bá fẹ́ fi ìyá arúgbó ṣe ọ̀tá nínú ìtàn, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ kan nínú rẹ̀ béèrè ìbéèrè Kirikou.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin lẹ ni dátà, ẹ̀yin lẹ sì ń yan ohun tí àwọn àbúrò yín ń wò. Ẹ jọ wo èyí pẹ̀lú wọn. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán, kẹ́ ẹ tó pa fóònù, ẹ bi wọ́n pé: kí ló dé tó fi burú? Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dáhùn.