Bí Aláǹgbá Bá Wọlé Ńkọ́?

Ògiri tí kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni àwọn tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wa fi ń dá ni lóhùn bí a bá bi wọ́n nípa olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní àwọn ti dí gbogbo ihò. Dídí ihò dára. Èmi kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ta ló wá lè búra pé ògiri tirẹ̀ kò ní lanu láéláé? Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ni iye yàrá tí aláǹgbá náà lè dé bí ó bá wọlé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan tó wà lára sáfà rẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Code Red gba inú ihò yẹn kan náà wọ ẹ̀rọ tó lé ní 359,000 kí wákàtí 14 tó pé. Àtúnṣe wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ kò lò ó. Èyí tó tún burú jù ni pé apá ibi tí ihò náà wà ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀rọ: ẹni tó bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di baálé ilé.

Ẹ wo ohun tí Niels Provos ṣe sí OpenSSH ní ọdún 2002. Ó pín ètò náà sí méjì. Apá kékeré ló di agbára root mú, ìyẹn orúkọ tí kò sí ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí. Apá ńlá tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò, inú yàrá òfìfo ló tì í mọ́, láìfún un ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Ní oṣù kẹfà ọdún náà gan-an ni wọ́n kéde ihò ńlá kan lára OpenSSH. Níbi tí wọ́n bá ti lo ìpínyà yìí, inú yàrá òfìfo náà ni olè ìbá bá ara rẹ̀.

Ìpínyà kì í gba ohun gbogbo là o. Àṣírí tí ẹ bá kó sọ́wọ́ ètò tí ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lè bá a lọ. Heartbleed fi èyí hàn ní ọdún 2014.

Mo mọ ilé-iṣẹ́ kan tí ojú-ewé ìròyìn rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ jọ wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn sì ń jẹ́ root. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kí iṣẹ́ lè yá ni. Àbí ẹ rí nǹkan! Owó oṣù ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi ń ra ìyára.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ń sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ tí ètò kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́ hàn yín. Èyí tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ayé, bó bá ń jẹ́ root, ẹ má tíì sanwó.