Ọlá tí a fi ń bọ́ àwọn àgbà wa ti ń di àìsàn sí wọn lára

 

Ní ìpàdé gbogbogbò wa tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé igò sucrerie méjì wá síwájú mi. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi lómi. Ó dúró, ó ní: “Bàbá, ṣé ẹ ń bínú sí wa ni?” Àwọn tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí.

N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àìsàn ṣúgà ni mo ní, èyí tí wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló bẹ̀rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí ṣáá, mò ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, mò ń rù, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mo rò pé ogbó ló dé. Àwọn kan tiẹ̀ sọ fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Parakou láàárọ̀, láìtíì fẹnu kan nǹkan, 2,40 g ṣúgà ni wọ́n rí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó bá ti lè dé 1,26 g lórí inú òfìfo, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn.

Èmi ṣe oríire, mo tètè mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, a jọ ṣiṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì fi í jẹ oyè nílùú rẹ̀. Òun kò tètè mọ̀. Egbò kékeré kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò dùn ún, torí ṣúgà ti ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora jẹ́. Nígbà tí yóò fi rí i, ó ti kẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí ó jẹ oyè, gbogbo wa la ṣàdúrà pé kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwa kan náà la sì ń gbé òkìtì iyán àti igò sucrerie síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, tí a ní a ń bu ọlá fún un.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyí, ẹ má bínú sí mi: ọ̀nà tí a ń gbà bu ọlá fún àwọn àgbà wa wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Bí ipò èèyàn bá ṣe ń ga sí i nílùú wa, bẹ́ẹ̀ ni òkèlè rẹ̀ ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi í kanlẹ̀ mọ́. Zémidjan ló ń gbé e láti ilé dé ààfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn bàbá wa jẹ iyán, wọ́n jẹ ẹ́ yó, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọkọ́ kọ ebè iṣu títí oòrùn fi wọ̀. Àwa ń jẹ iyán ẹni tó ń kọ ebè, a sì ń jókòó bí ẹni tí kò lóko. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti yí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ara, bí kò tilẹ̀ dùn lẹ́nu. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní ìnsúlínì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà kó lè wọ inú ẹran ara, kó di agbára. Bí ìnsúlínì kò bá tó, tàbí tí ara kò gbà á mọ́, inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà máa wà, yóò máa ba ojú, kíndìnrín, ọkàn àti ẹsẹ̀ jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fa ṣúgà mu láti inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrìn fi jẹ́ ara ìtọ́jú.

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n mú àwọn èèyàn tó lé ní 3 000 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí àwọn kan dín oúnjẹ kù, kí wọ́n fọn díẹ̀, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn metformin. Oògùn dín iye ẹni tí àìsàn náà mú kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ àti ìrìn dín in kù ní ìdá 58. Ìkòkò ọbẹ̀ àti ẹsẹ̀ ju oògùn lọ fún ẹni tí kò tíì dé inú rẹ̀. Fún àwa tó ti dé inú rẹ̀, oògùn ní àyè tirẹ̀, àwọn méjèèjì la ó jọ máa lò.

Báwo ni èmi ṣe ń ṣe é? Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo ń jí. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ni mo fi ń rìn kánkán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin àtijọ́ tí rélùwéè kò gbà mọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 150 náà ló jẹ́. Láàárọ̀, mo fi kọfí oníwàrà alágolo dídùn àti búrẹ́dì sílẹ̀. Ẹ̀wà ni mo ń jẹ, tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ pẹ̀lú àkàrà, láìsí ṣúgà. Lọ́sàn-án, mo ṣì ń jẹ iyán làbókò, ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ mi! Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ mi ni, kì í ṣe ìwọ̀n orí mi. Ọbẹ̀ ló wá ń pọ̀: ilá, gboma, ewédú, pẹ̀lú ẹja tàbí wàrà àwọn Fúlàní. Bí mo bá jẹun tán, n kì í sùn lójú ẹsẹ̀, mo máa ń yí ilé po. Nígbà màngórò, ẹyọ kan tí kò tóbi ti tó mi, n kì í mu omi èso inú páálí. Lálẹ́, ìyàwó mi máa ń bá mi yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò, àárín ọmọ ìka pàápàá. N kì í rìn láìwọ bàtà mọ́. Hóró ṣúgà mẹ́ta wà nínú àpò mi nígbà gbogbo, torí bí oògùn bá fa ṣúgà wálẹ̀ jù, tí òógùn tútù bò mí tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òun ni mo máa jẹ kíá. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, 1,15 g ni.

Ẹnì kan á ní, oúnjẹ olówó nìyẹn. Rárá o. Ẹ̀wà, ilá àti gboma kì í ṣe ohun òkèèrè, oko wa ló ti ń wá. Sucrerie gan-an ló ń náni lówó. Ẹlòmíràn á ní ewúro ni kí n máa mu, pé kíkorò ló ń pa dídùn. Mo ń jẹ ewúro torí ó jẹ́ ẹ̀fọ́ tó dára, ṣùgbọ́n kíkorò ẹnu kì í ṣe oògùn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá tìtorí ewé sọ oògùn dókítà nù, ara rẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọdé tí wọ́n sì ní kó máa gba abẹ́rẹ́ ìnsúlínì, ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, oúnjẹ kankan kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí tó ní àìsàn yìí, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó dé. Ẹ̀yin ẹlẹ́mu àti sodabi, ọtí lórí oògùn ṣúgà lè dá èèyàn wólẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, láti ìpàdé tó ń bọ̀, kí omi tútù jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó fi ki àlejò káàbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sucrerie, kó béèrè. Ẹni tó bá ní òun kò jẹ tàbí pé díẹ̀ ni òun fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bi í bóyá ó ń bínú.

Èkejì, kí ìgbìmọ̀ wa kọ̀wé sí mairie àti sí ilé ìwòsàn Saint Martin ní Papané, kí a lè máa yẹ ṣúgà wò fún àwọn ènìyàn wa ní Tchaourou, Alafiarou, Goro, Kika, Tchatchou, Sanson àti Bétérou. Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ni ọjọ́ àtọ̀gbẹ lágbàáyé, a lè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ohun tó ń tán ni bébà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, òun ló yẹ kó wà nínú ìṣirò owó ọdọọdún. Àwọn tó ń wá ìbò wa, tí wọ́n ń pín aṣọ àti ìrẹsì fún wa, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé: bébà yẹn ńkọ́?

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin bàbá wa orí ìtẹ́ ni mo ń bẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo mọ̀ pé ọba kì í rìn ṣákálá. Ṣùgbọ́n àgbàlá ààfin fẹ̀, òwúrọ̀ kùtùkùtù sì wà. Bí Kábíyèsí bá rìn yí àgbàlá po pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí wọ́n bu iyán kù, kò sí ará ìlú tí yóò tún sọ pé ìtìjú ni.

Mo ń kọ èyí torí mo fẹ́ kí a jọ pẹ́. Nígbà mìíràn tí ọmọ yẹn bá gbé omi wá fún mi, màá gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin náà, kí adé pẹ́ lórí yín, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ yín. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà níbẹ̀ láti wọ̀ ọ́. Àṣẹ.