Òkúta Kò Lè Sọ Ìtàn Ara Rẹ̀

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la odò Jọ́dánì kọjá, Ọlọ́run pàṣẹ fún Jóṣúà pé kí ọkùnrin méjìlá gbé òkúta méjìlá láti àárín odò, a sì tò wọ́n jọ ní Gílígálì. Ọ̀pọ̀ wa mọ apá yìí nínú ìtàn náà. Apá kejì ni a kì í sábà wàásù lé lórí: a sọ fún àwọn baba pé àwọn ọmọ wọn yóò béèrè ìtumọ̀ òkúta wọ̀nyí lọ́jọ́ iwájú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní èsì lẹ́nu. Ìrántí nílò òkúta, ó sì nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ní Èkìtì, a ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. A ti gbé òkúta ró, ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ ẹni tí yóò dáhùn. Èrò mi ni pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó yẹ kí a kọ́, kí a sì fi wọ́n sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ní àwọn ibi ìrántí wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Adó níhìn-ín. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì tí a bí ní 1926, ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966, àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ mú un ní Ìbàdàn pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba nígbà náà, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ọgbà ìrántí Fájuyì wà ní ìlú yìí, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò láti Ẹnúgu tàbí Kánò bá dúró níbẹ̀, tó sì béèrè bí ọkùnrin náà ṣe kú, kí ni ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yóò sọ fún un? Ìtàn tí a ń sọ nílé ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí wọn yóò bá pa á, kí wọ́n pa òun pẹ̀lú. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti pinnu tẹ́lẹ̀ láti mú àwọn méjèèjì. Ọmọ tí a kò kọ́ yóò di ọ̀kan mú, yóò sì pe èkejì ní irọ́. Ọmọ tí a kọ́ yóò ya ohun tí gbogbo ènìyàn gbà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn kan sọ, yóò sì jẹ́ kí àlejò mọ ìdí tí àwa fi di ìtàn àkọ́kọ́ mú: ẹni tó bá sùn lábẹ́ òrùlé ẹni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹni. Iyì akọni kì í dín kù nítorí pé a fi ìṣọ́ra sọ ìtàn rẹ̀.

Ohun tí mo ń pè ní ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe kí a rán ọmọ lọ síbi tí yóò ti máa gbálẹ̀, tí yóò máa ra àkàrà fún ọ̀gá, tí a ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlànà. Ohunkóhun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀: a ó wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, a ó kọ ohun tí a fi ṣe é, ẹni tó ṣe é, ìlú tó ti wá, ẹni tó mú un wá àti ọjọ́ tó dé. A ó ya àwòrán rẹ̀, a ó sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ikán, ọ̀rinrin àti oòrùn. Bí nọ́ńbà bá bọ́ lára ère, tí ìwé sì sọnù, igi lásán ni ère náà lójú ẹni tó bá dé lẹ́yìn. Ọmọ tó bá fi oṣù mẹ́ta ṣe iṣẹ́ yìí yóò kọ́ ìfarabalẹ̀, yóò sì mọ bí a ti ń kọ ohun tí ojú rí láìbù mọ́ ọn. Dókítà nílò ẹ̀kọ́ yìí, lọ́yà nílò rẹ̀, àlùfáà pẹ̀lú nílò rẹ̀.

Láti 1973 ni ètò tí a mọ̀ sí SIWES ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti polí lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama kò sí nínú rẹ̀. Láàárín ìdánwò àṣejáde rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò wọ yunifásítì, oṣù púpọ̀ ni yóò fi jókòó sílé, tí fóònù yóò jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò jìnnà sí wa: ti Ilé-Ifẹ̀ wà láti 1954, ti Ọ̀wọ̀ láti 1968, ti Òṣogbo náà wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni irú ètò yìí ní Èkìtì. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll ti ìjọ Àgùdà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àréògún gbẹ́nàgbẹ́nà, jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Mùsùlùmí, ti kọ́ṣẹ́ sí i, tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn àti ère ìtàn ìbí Jésù. Fákẹ́yẹ yìí ni ayé mọ̀ lẹ́yìn náà, tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, tí UNESCO sì dá lọ́lá ní 2006. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀, àkókò sì wà. Ohun mẹ́ta yìí ni ìkọ́ṣẹ́ ń béèrè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ó gbẹ́ ọba lórí ìtẹ́ sí i, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn aláàárù gbé. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni ó ṣì wà. A lè máa bínú, ìbínú náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ó sàn kí a kọ́ ọmọ mẹ́wàá tí yóò mọ ohun tó ṣẹ́kù nílé, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníbàárà mìíràn tó dé.

Àwọn ará kan yóò bi mí pé kí ni ọmọ Kristẹni ń wá nílé ère. Ìbéèrè náà tọ́, èsì rẹ̀ sì wà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe ojúbọ. A kì í rúbọ níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù rìn káàkiri Áténì, ó wo àwọn pẹpẹ wọn, ó ka àkọlé ara ọ̀kan, láti inú ohun tó kà ni ó sì ti mú ìwàásù rẹ̀. Àlùfáà ni Samuel Johnson pẹ̀lú, ẹni tó jíṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn ibùdó nígbà ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù ní òkè òkun. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Àwọn ìwé pélébé inú àpótí ni ó gba ìtàn odidi ìran kan là. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson dúró sí jù nígbà tó ń kọ ọ́. Fadá Anthony Oguntuyi ṣe gudugudu méje láti kọ ìtàn Adó àti ti Èkìtì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan kò lè kó gbogbo rẹ̀ tán.

Nítorí náà, mo gbé ìmọ̀ràn mẹ́ta ka iwájú ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ní ọdún àjọ̀dún yìí.

Èkíní, kí a máa yan ọmọ mélòó kan lọ́dọọdún lára àwọn tó parí ìdánwò àṣejáde, kí a fi wọ́n ránṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, kí àwa sì san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ wọn. Òfin Mósè kò gbà kí a dí màlúù tó ń pakà lẹ́nu. Bí ìkọ́ṣẹ́ bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́ pátápátá, ọmọ olówó nìkan ni yóò lè ṣe é, ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ọmọ oníṣu yóò sì padà sí oko.

Èkejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó kan tí a mọ̀, kí ó sì fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí a lè dì mú: ojú ewé àkọsílẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kan tó gbà sílẹ̀ ní èdè Èkìtì gan-an bí bàbá tàbí ìyá náà ṣe sọ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ni ó ní ìtàn, ọmọ ni ó ní ojú tó lè kà á sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta, kí a bẹ̀rẹ̀ nílé. Láti 1933 tí Archdeacon Henry Dallimore ti dá Christ's School sílẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀, àwòrán, ìwé ètò ìsìn àti lẹ́tà ti pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀, kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àkọ́kọ́ sì máa kó wọn jọ níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni a ń sin àwọn tó lè tọ́ka sí ojú kan nínú àwòrán kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀.

Yàrá náà lè pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àwòrán ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́wọ́, kí ó yí i padà lálẹ́ òní, kí ó kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti ọdún tí a yà á. Pẹ́ńsùlù ni kí ó fi kọ ọ́, kí ó má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, nítorí yíǹkì a máa là á já.