Ká Wádìí Kí A Tó Pe Ọmọ Ọlọ́mọ Lólè

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn àgbà kan ń sọ pé ìwé àpara lásán ni, pé ọ̀lẹ ní í jókòó tì í. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Tíṣà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a bí ní 1929, tó sì papò dà ní 2019. Ní 1969 ni ìwé rẹ̀ Àjà Ló Lẹrù jáde. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé ni akọni ìwé méjèèjì: ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kò fi í sílẹ̀. Tàfá Ìgírípá ni wọ́n jọ ń rìn. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ irú ìwé yìí; Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀. Ohun búburú pọ̀ nínú ìwé Òkédìjí: olè ń jà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Síbẹ̀, nígbà tí Lápàdé àti Tàfá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀rọ̀ síra wọn, ẹ̀rín á pa ẹni tó ń kàwé, á gbàgbé pé ẹ̀rù ló ń bà á tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ló ni orúkọ ìwé àkọ́kọ́ yẹn: àjà ló lẹrù, irọ́ ni pẹpẹ ń pa. Pẹpẹ ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Àjà tí ẹrù wà gan-an, orí wa ló wà, a kì í wòkè. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ju èyí lọ: kó má ṣe gba pẹpẹ gbọ́ títí yóò fi gun àjà wò.

Ẹ má rò pé ará Ìbàdàn tàbí òyìnbó nìkan ló mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láti abúlé dé abúlé láyé àwọn bàbá wa. Àwìn ni wọ́n ń tà. Bí ọjọ́ owó bá pé, Òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgbà tó bá gbowó kó tó dìde. Ìyàwó onígbèsè á ní, “Bàbá wọn ti lọ sóko láti àná.” Òṣómàáló á wo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á wo àmàlà tó pọ̀ ju ti ẹnìkan lọ nínú àwo, á ní, “Kò burú, ìyàwó. N ó dúró dè wọ́n.” Nígbà tó bá ṣe, onígbèsè á sín lórí àjà. Òṣómàáló lè pariwo kí ojú lè ti onígbèsè, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó gbaṣọ kó tó lanu.

Lóde òní, ariwo ló ń ṣáájú. Mo wà ní ìsọ̀ ìyá aláṣọ kan ní Iléṣà lọ́jọ́ tí N40,000 rẹ̀ di àwátì. Kíá ni wọ́n ti ní ọmọbìnrin tó ń bá a tajà ló jí i. Èrò pé jọ. Ẹnìkan ti sáré lọ wá táyà. Onítáyà náà ní kò burú, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó táyà òun? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn nígbà tí bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì yà síbẹ̀.

Ó ní, “Ìyáa wa, ìgbà wo lẹ fojú kan owó náà kẹ́yìn?”

“Lánàá, bàbá, nígbà tí òjò ń ṣú.”

“Ọ̀nà wo lòjò gbà wọ ìsọ̀ yín?”

“Ẹnu ọ̀nà ni. A yára kó aṣọ tó wà nílẹ̀ sókè àjà.”

“Ta ló ti gun àjà láti àárọ̀?”

Kò sẹ́ni tó gùn ún. Wọ́n gbé àkàbà. Owó náà wà nínú ìṣẹ́po àǹkárá kan. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n túká. Ọmọ náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni bàbá tíṣà ti ń débẹ̀ lásìkò. Ní October 5, 2012, ní Alúù lẹ́bàá Port Harcourt, àwọn èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin nítorí ẹ̀sùn olè tí ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Ìdájọ́ náà kò jí ọmọ kankan dìde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ìwé Lápàdé. Ẹ dá wọn dúró láàrin ìtàn, kí ẹ bi wọ́n léèrè pé, “Ta ni ẹ fura sí? Kí ni ẹ rí tí ẹ fi fura sí i?” Ọmọ tó bá ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé kò ní yára nawọ́ sí ẹnikẹ́ni ní ìgboro. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí owó bá sọnù, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kí ẹ tó ké. Bí ẹ bá sì mú olè tòótọ́, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láàyè. Iṣẹ́ adájọ́ ni ìyókù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.